Ọ̀gá Ìtura àti Sípíkà Tó Rà fún Ẹgbẹ́ Adití

Ìtàn ẹgbẹ́ àwọn adití ìlú wa ni mo fẹ́ sọ, ẹ̀yin èèyàn mi, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà ìtàn náà, ikùn rẹ̀ sì di ọ̀nà pa. Bí a bá ní ká gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, yóò ní a ò kí òun. Bí a bá sì kí i, yóò dá wa lóhùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù, ká sọ tirẹ̀ mọ́ tiwọn. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kò ní wo ẹnu àáké.

Ẹgbẹ́ yìí ti wà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ilé ìtẹ̀wé kan ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ a máa pariwo bí ẹni pé ẹgbẹ̀rún páànù ń yí gba orí àtẹ̀gùn bọ̀, àwọn tí wọ́n ń gbà síṣẹ́ kì í sì í pẹ́ tí wọn á fi di etí mú, tí wọn á sá lọ. Nígbà tó sú bàbá tó ni ilé ìtẹ̀wé náà, ó gba ọ̀dọ́mọkùnrin adití kan. Ariwo ò ṣe ìyẹn ní nǹkan kan. Ó ń tẹ̀wé, ara rẹ̀ balẹ̀. Ọjọ́ tí irin ẹ̀rọ kan ṣẹ́, ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, wẹ́dà, adití bíi tirẹ̀. Wẹ́dà náà mú ẹlòmíràn wá, kí á sì tó mọ̀, bí iṣẹ́ bá ti parí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, yàrá ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé á kún fún àwọn adití, ọwọ́ á máa fò sókè sódò, ọ̀rọ̀ á máa lọ.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó ń dirun. Ilé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń gbé. Wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n ń ra aṣọ fún un, wọn ò lù ú rí, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì péré ni wọ́n ń bá a sọ: wá jẹun, lọ sùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wọ yàrá ẹ̀yìn yẹn, ó sọ̀rọ̀ títí apá fi ń ro ó. Atẹ̀wé, ọ̀dọ́mọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn, ló jókòó síwájú rẹ̀, tó ń wo ọwọ́ rẹ̀ láìṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán láàárín wọn títí dòní. Wọ́n fẹ́ra wọn, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan. Etí tirẹ̀ gbọ́ràn, ó fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ kó tó fi ẹnu sọ, ó sì di nọ́ọ̀sì nígbà tó dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n fi yàrá náà hàn yín. Ó fẹ̀, fèrèsé rẹ̀ ga, dígí ló wà lára wọn, kò sì sí òpó kan láàárín tí yóò di ojú ẹnikẹ́ni. Pákó ni ilẹ̀ rẹ̀. Bí o bá fẹ́ pe ẹni tó kọ̀yìn sí ọ, fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, yóò yíjú. Ṣe ni wọ́n to àga yíká, torí ẹni tí a ò bá rí ọwọ́ rẹ̀, a ò gbọ́ ohùn rẹ̀ nìyẹn. Okùn kan so mọ́ ẹnu ọ̀nà. Àlejò á fà á, gílóòbù á máa tàn, á máa kú. Ẹni tó bá sì rò pé ilé adití máa ń dákẹ́ rọ́rọ́ kò tíì débẹ̀ rí. Ẹ̀rín wọn ń gbé òrùlé, ẹsẹ̀ ń lu pákó, tábìlì ń jìyà.

Nígbà tí ẹni tó ni ilé ìtẹ̀wé darúgbó, ó fa gbogbo ilé náà lé ìgbìmọ̀ ìlú lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn adití máa lo yàrá wọn lọ. Ẹnu ló fi sọ ọ́. Kò kọ ọ́ síbì kankan. Ẹ rántí pé ẹnu ló fi sọ ọ́.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká kí ọ̀gá wàyí, kí inú má bàa bí i.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ipò, ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà kọ oyè òun sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì òun: Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ọ̀rọ̀ Ìgbafẹ́, Ìsinmi, Ìdárayá àti Ìtura Gbogbo Ará Ìlú. Ọlọ́dà kọ ọ́, kọ ọ́, ilẹ̀kùn tán. Ó bọ́ sára ògiri, ó yà ní kọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ "Gbogbo Ará Ìlú" sì bọ́ sórí ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn tó wá ẹjọ́ wí ti ń ṣìnà wọ ibẹ̀. Orúkọ náà gùn jù fún àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n gé e kúrú sí Ọ̀gá Ìtura.

Bí Ọ̀gá Ìtura bá ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ láàárọ̀, gbogbo ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ dìde, kí wọ́n mí kanlẹ̀, kí wọ́n sì wí pé, "Háà, ara tù wá!" Bí ó bá fẹ́ dá àpárá, yóò kọ́kọ́ gbé ìka kan sókè, kí wọ́n lè ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín sílẹ̀, kí ẹ̀rín má bàa pẹ́ dé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni akọ̀wé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún tó ti wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Akọ̀wé Bẹ́ẹ̀ni.

"Akọ̀wé, ṣé òjò máa rọ̀ lónìí?"

"Bẹ́ẹ̀ni, sà."

"Èmi rò pé kò ní rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ni, sà. Ó ti yí ọkàn padà."

Irú ọ̀gá tí wọ́n gbé yàrá àwọn adití sábẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó lọ kí wọn, ó wọ kóòtù onílà, ó dúró sí àárín gbọ̀ngàn, ó na àyà, ó ké:

"Ẹ̀yin adití ìlú yìí, ẹ tẹ́tí bẹ̀lẹ̀jẹ́!"

Nọ́ọ̀sì, ọmọ Bàbá Atẹ̀wé, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ túmọ̀. Ọ̀gá ń bá a lọ: "Èmi tí mo jẹ́ òjìji fún ẹni tí oòrùn ń pa! Èmi tí mo jẹ́ ìrọ̀rí fún ẹni tí ọrùn ń dùn! Bí mo bá wọ ilé, àárẹ̀ á gba ojú fèrèsé jáde! Bí mo bá..." Ó dákẹ́. Ó ti rí i pé ojú gbogbo wọn kò sí lára òun, ara ọmọbìnrin yìí ló wà.

"Nọ́ọ̀sì, kí ló ń yún ọ lára?"

"Mò ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ yín fún wọn ni, sà."

"Ọ̀rọ̀ mi ò nílò ìtumọ̀. Ó ṣe kedere. Kí ni àwọn náà ń ju ọwọ́ fún? Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà? Sọ fún wọn: bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ sẹ́yìn! Kí ìwọ náà ká tìẹ sẹ́yìn."

Nọ́ọ̀sì sọ fún wọn, ó sì ká ọwọ́ sẹ́yìn. Báyìí ni gbogbo ẹgbẹ́ jókòó, ọwọ́ lẹ́yìn bí ọ̀daràn, tí wọ́n ń wo ẹnu tó ń ṣí tó ń pa dé. Wọ́n ní ìwà, wọ́n mú sùúrù. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹnu náà ti pa dé pátápátá, gbogbo wọn gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń jù ú yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́ lókè orí.

"Kí ni wọ́n ń lé?" ni Ọ̀gá bi akọ̀wé rẹ̀. "Ṣé ẹ̀fọn wà níbí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ni, sà."

"Àtẹ́wọ́ ni, sà," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Bí àwọn ṣe ń pa tiwọn nìyẹn."

Wẹ́dà ni aláwàdà ẹgbẹ́. Ìyẹn dìde, ó pa ìka rẹ̀ mẹ́rin pọ̀, ó ń fi wọ́n bá àtàǹpàkò pàdé níwájú ẹnu, pà, pà, pà, bí àgógó ẹnu pẹ́pẹ́yẹ. Gbogbo ilé dá a lóhùn, pà, pà, pà.

"Kí tún ni ìyẹn?"

Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rín mì. "Wọ́n ti sọ yín lórúkọ ni, sà. Ẹni tó bá wá sí àárín wọn, wọ́n máa ń fún un ní orúkọ ọwọ́."

"Kí ni ìtumọ̀ tèmi?"

"Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, sà."

"Háà!" Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú Ọ̀gá. "Wọ́n mọ̀ mí!"

Ó dé ọ́fíìsì, ó pàṣẹ pé kíkí tuntun ti dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn àgbà òṣìṣẹ́ tó ní ìyàwó nílé, tó ní ọmọ ní yunifásítì, tò sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń ṣe ẹnu pẹ́pẹ́yẹ fún ọ̀gá wọn.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán. Nǹkan mìíràn ń bọ̀.

Ó ronú, ó sì ṣe àwárí kan. "Akọ̀wé," ó ní, "àìgbọ́ràn kì í ṣe nǹkan gidi. Àwọn èèyàn yìí, ẹnikẹ́ni ò tíì bá wọn sọ̀rọ̀ sókè tó ni." Akọ̀wé ní bẹ́ẹ̀ni. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró níwájú yàrá ẹgbẹ́, wọ́n sì ń já sípíkà mẹ́rin sílẹ̀, tó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n gbé méjì sínú yàrá. Wọ́n gbé méjì yòókù sórí òrùlé, ó ní kí òpópónà náà lè máa gbọ́ oore tí òun ń ṣe. Nígbà tó fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu tó ní "Ẹ káàárọ̀", ọwọ́ onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì fò, ó fá irun ìpéǹpéjú oníbàárà rẹ̀ kan dànù. Ó wo ojú náà, ó rí i pé kò dọ́gba, ó fá ìkejì.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ mọ́ ọ̀gá: àwọn adití fẹ́ràn sípíkà náà. Ẹni tí kò gbọ́ létí lè gbọ́ láyà. Wẹ́dà fi orin tí ìlù rẹ̀ wúwo sí i, ó dì mọ́ sípíkà bí ẹni dì mọ́ ìyàwó, ó ń jó. Ìyá Onídìrí, ìyàwó Bàbá Atẹ̀wé, tí ìbàdí ti ń dùn láti ọjọ́ pípẹ́ nítorí ìdúró-dirun, fẹ̀yìn tì í, ó di ojú, ó ní kí wọ́n má pe òun. Ọ̀gá Ìtura yọjú lójú fèrèsé, ó rí àwọn arúgbó tó ń jó, ẹsẹ̀ wọn kò sì yẹ̀ lórí ìlù. Ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìlú lọ́jọ́ náà gan-an pé òun ti la etí àwọn adití.

Ìṣòro kan ló wà. Oníbúrẹ́dì tó múlé ti ilé wọn wá fẹjọ́ sùn pé láti ìgbà tí ìlù ti ń lu ògiri òun, ìyẹ̀fun òun kì í wú mọ́. Ọ̀gá gbọ́, ó pàṣẹ: "Láti òní lọ, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kan bọ́tìnì ẹ̀rọ yìí, àfi ọwọ́ tèmi." Bọ́tìnì méjì ló wà lára ẹ̀rọ náà. Òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ èwo ni èwo.

Nígbà tó yá, ọdún ẹgbẹ́ pé ogójì. Ọ̀gá ránṣẹ́ pe Bàbá Atẹ̀wé, bàbá náà sì mú ọmọ rẹ̀ dání láti túmọ̀.

"Bàbá," ni Ọ̀gá wí, "mo ti ṣe ìwádìí ìtàn ẹgbẹ́ yín. Mo ti rí òtítọ́. Èmi ni mo dá a sílẹ̀."

Bàbá Atẹ̀wé yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé o túmọ̀ rẹ̀ dáadáa?"

"Bó ṣe wí gan-an nìyẹn, Bàámi."

"Bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni nígbà yẹn."

Ọ̀gá ka ìka. "Ọmọ ọdún mẹ́ta," ó ní, ojú ò tì í. "Ẹni ńlá kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì gbọ́ èyí: mo ti kọ ìwé kan. Alága Ìgbìmọ̀ Ìlú yóò fọwọ́ sí i lójú gbogbo ayé lọ́jọ́ ayẹyẹ. Yàrá yẹn á máa jẹ́ orúkọ mi. Èmi ni màá máa gba àlejò níbẹ̀. Ẹ̀yin á kó lọ sí ibi ìkẹ́rùsí tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ìgbìmọ̀. Ó tutù dáadáa."

"Ibẹ̀ ò ní fèrèsé," ni Bàbá wí.

"Kí lẹ fẹ́ fi fèrèsé ṣe? Ṣebí ẹ ò ní gbọ́ ohun tó ń lọ níta."

Bàbá Atẹ̀wé sún àga rẹ̀ síwájú. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní, bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹni tó gbọ́ràn ṣì lè pe ẹnìkejì rẹ̀. Àwa, bí iná bá ti kú, olúkúlùkù dá wà nìyẹn."

"Ó ti gbà," ni Ọ̀gá wí fún akọ̀wé rẹ̀. "Mo rí i lójú rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ni, sà," ni akọ̀wé wí. Ilẹ̀ ló ń wò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́, yàrá ẹgbẹ́ dákẹ́. Wẹ́dà ò dá àpárá. Àwọn kan ní kí wọ́n gbà, torí ẹni tó bá ìjọba jà, orí ara rẹ̀ ni yóò fọ́. Ìyá Onídìrí dìde, ó fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ títí gbogbo ojú fi kọ sí i.

"Mo ti gbé inú ilé tí wọ́n ti ń sọ pé wá jẹun, lọ sùn," ó ní. "N ò ní padà síbẹ̀ mọ́. Bí Alága bá dé, màá gbé ọwọ́ mi sókè. Ẹni tó bá fẹ́ ká a sẹ́yìn, kó wá ká a fúnra rẹ̀."

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ò ní ẹ̀tàn kankan lọ́wọ́, wọn ò mọ ẹni ńlá kankan. Ohun tí wọ́n rí fẹnu kò sí nìyẹn: bí ó bá ti tó àkókò, gbogbo ọwọ́ á gòkè.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Wọ́n na ìbòrí sí òpópónà, wọ́n to àga, èrò sì pé bí omi: oníbúrẹ́dì, onígbàjámọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀, àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé nítòsí. Ọ̀gá Ìtura dé láàárọ̀ kùtù. Ó tẹ bọ́tìnì kan, ó ní "Hẹ́lò, hẹ́lò," ohùn rẹ̀ sì dún nínú yàrá àti lórí òrùlé. Ó tẹ bọ́tìnì kejì láti pa á. Sípíkà inú yàrá dákẹ́. Ó gbà pé ó ti kú.

Ti orí òrùlé ò kú o, ẹ̀yin ará.

Wẹ́dà, tó ń gbé àga kọjá, fi ọwọ́ kan ògiri. Ó mọ̀ ọ́n lára pé òrùlé ṣì ń gbọ̀n. Ó sáré bá ọ̀gá, ó gbé ọwọ́ sókè láti sọ fún un.

"Ọwọ́ sẹ́yìn!" ni Ọ̀gá jágbe, ó sì fi tirẹ̀ júwe.

Wẹ́dà wò ó. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ó lọ jókòó.

Ọ̀gá ní kí wọ́n ti gbogbo fèrèsé nítorí eruku, ó lé Nọ́ọ̀sì síta pé kó lọ máa kí àlejò, ó sì jókòó sórí tábìlì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ẹ̀gbẹ́ itan rẹ̀. Àwọn adití ń nu àga yíká wọn.

"Akọ̀wé," ó ní, "bá mi sọ̀rọ̀. Sọ ọ́ sókè, má fòyà. Kò sí etí níbí."

"Bẹ́ẹ̀ni, sà."

"Ta ló ń bọ̀ lónìí? Alága, obìnrin kúkúrú yẹn. Ṣé ẹ ti wá àpótí tí a ó gbé e lé, kí wọ́n lè rí i? Kó fọwọ́ sí ìwé mi, kó máa lọ. Kì í kàwé. Gíláàsì ojú rẹ̀ yẹn, ó kàn fi ń ṣoge ni."

Níta, gbogbo èrò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Àwọn tó kún òpópónà yìí ńkọ́? Oníbúrẹ́dì tí búrẹ́dì rẹ̀ le bí bíríkì, ó ní sípíkà ló fà á! Onígbàjámọ̀ tí orí tirẹ̀ gan-an pá! Oúnjẹ ọ̀fẹ́ ló gbé wọn wá."

Oníbúrẹ́dì dìde lórí àga. Onígbàjámọ̀ bọ́ fìlà, ó fọwọ́ pa orí, ó tún dé e.

"Kí n sì sọ òótọ́ fún ọ, Akọ̀wé. Ṣé o mọ bí mo ṣe mọ ilé yìí? Ìtọ̀ ló gbọ̀n mí lọ́jọ́ kan, tí mo ń wá ibi tí màá tọ̀ sí. Mo yà sí ẹ̀yìn ibí. Mo rí fèrèsé wọ̀nyẹn, mo ní, ilé yìí ò yẹ adití. Olùdásílẹ̀! Hẹ̀, hẹ̀!"

Ẹ ó bi mí léèrè pé ṣé òun fúnra rẹ̀ ò gbọ́ ohùn tó ń dún lórí òrùlé ni. Ó gbọ́. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ọkùnrin yìí ti ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ níbi gbogbo. Kò ṣe é ní kàyéfì.

Níta, ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Àwọn bíríkìlà di ara wọn mú. Nínú yàrá, Ìyá Onídìrí rí wọn láti inú dígí, ó rí ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn fèrèsé, ó ju ọwọ́ sí i: Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ẹ ò rí i pé èdè ọwọ́ ń la dígí kọjá. Nọ́ọ̀sì fi ojú tó le bí ti dókítà túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí àpótí dé orí ìtọ̀. Ọ̀gá kọ̀yìn sí fèrèsé. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ẹnu, bẹ́ẹ̀ ni òpópónà ń gbọ́. Bó ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn adití ń gbọ́. Òun nìkan ni kò mọ ohun tó ń lọ.

"Ìwọ náà sọ tìrẹ," ni Ọ̀gá wí, inú rẹ̀ dùn. "Kí lo rò nípa àwọn ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ láwùjọ? Òótọ́ ni kí o sọ o."

Akọ̀wé Bẹ́ẹ̀ni ya ẹnu. Ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ẹni tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ni láti ọdún gbọọrọ.

"Òótọ́, sà?"

"Òótọ́ pọ́nńbélé."

"Ó gùn, sà. Ó gùn ju ojú irin lọ, kò sì dé ibì kankan. Bí ẹ bá ti gbé ìka sókè pé ẹ fẹ́ dá àpárá, inú á máa rún mi. Ìyàwó mi ní mò ń sọ 'ara tù wá' lójú oorun. Yàrá yìí kì í ṣe tiyín, sà. Lọ́jọ́ tí bàbá yẹn sọ̀rọ̀ iná tó kú, mi ò lè jẹun alẹ́."

Ariwo tó sọ níta, ó gbọn dígí. Ọ̀gá ò ráyè bínú sí akọ̀wé rẹ̀, nítorí gílóòbù ẹnu ọ̀nà ti ń tàn, ó ń kú. Ẹnì kan ń fa okùn. Ilẹ̀kùn ṣí, Alága Ìgbìmọ̀ Ìlú sì wọlé. Èrò ti dí ọkọ̀ rẹ̀ lọ́nà ní kọ̀rọ̀, ó sì ti fẹsẹ̀ rìn wá. Bó ṣe kúrú, kò sẹ́ni tó rí i láàárín èrò, abẹ́ sípíkà gan-an ló sì dúró sí látẹ̀ẹ̀kan.

Ọ̀gá fò sókè. "Ẹ káàbọ̀, ìyá wa! Ìmọ́lẹ̀ ìlú! Igi ńlá tí..."

"IGI ŃLÁ TÍ..." ni òrùlé wí, tó gba ẹnu ilẹ̀kùn tó ṣí wọlé.

Ọ̀gá wo òkè. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ níta yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, sà," ni akọ̀wé wí.

"Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, Ọ̀gá," ni Alága wí. "Mo ń gbádùn ẹ̀. Ibo ni àpótí mi wà?"

Ẹnu tí kì í sinmi wá sinmi. Ó ṣí, ó pa dé, ó tún ṣí, nǹkan kan ò jáde. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ̀rọ yẹn ló bàjẹ́, ìyá wa. Kì í ṣe ohun tí èèyàn bá sọ ló máa ń sọ."

Alága tọwọ́ bọ àpò rẹ̀. Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀. "Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ó ṣeé fi kàwé." Ó ka ìwé tó wà lórí tábìlì látòkè délẹ̀, ó sì yíjú sí àwọn adití. Gbogbo ọwọ́ ti gòkè. Ìyá Onídìrí ló wà níwájú, ọwọ́ rẹ̀ ga ju ti gbogbo wọn lọ.

"Nọ́ọ̀sì, wọlé wá," ni Alága wí. "Kí àgbà wọn kan sọ ìtàn ilé yìí fún mi. Ẹ má pa ẹ̀rọ yẹn o."

Bàbá Atẹ̀wé bọ́ síwájú. Ó fi ọwọ́ sọ ti ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ti ọ̀rẹ́ tó mú ọ̀rẹ́ wá, ti ọmọbìnrin kan tó sọ̀rọ̀ títí apá fi ń ro ó. Ohùn ọmọ rẹ̀ gba orí òrùlé jáde, òpópónà tó ń rẹ́rìn-ín sì dákẹ́. Oníbúrẹ́dì sọkún. Ó ní òun ti múlé tì wọ́n fún ogún ọdún, òun ò sì mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń rí ara wọn nìyẹn.

Alága ya ìwé Ọ̀gá sí méjì. Ó kọ òmíràn níbẹ̀, lórí tábìlì náà: ti ẹgbẹ́ ni yàrá yìí, fèrèsé rẹ̀ àti ohun gbogbo, níwọ̀n ìgbà tí ẹgbẹ́ bá ṣì wà. Ó fọwọ́ sí i, ọwọ́ sì kún òkè, ó ń mì yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́. Alága gbé tirẹ̀ sókè pẹ̀lú wọn, níta sì ni gbogbo èrò gbé tiwọn, bíríkìlà, onígbàjámọ̀, gbogbo wọn.

Ọ̀gá Ìtura? Wọn ò lé e níṣẹ́. Wọ́n ní kó lọ máa bójú tó ilé tí ìgbìmọ̀ ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí. Wọ́n ní bí èèyàn bá kọjá níbẹ̀ láàárọ̀, á máa gbọ́ tí ó ń sọ pé, "Ẹ̀yin àga ìlú yìí!" Àwọn àga náà ń mú sùúrù fún un. Ọlọ́dà nu ilẹ̀kùn, ó nu ògiri, ó gbàgbé ilé ìtọ̀. Títí di báyìí, ti Gbogbo Ará Ìlú ni ibẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, gílóòbù tàn nírọ̀lẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà ọjọ́ yẹn ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, símẹ́ǹtì ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Ó di ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ọmọ bí ogún ọdún. Ó ní wọ́n bí i ní adití, ilé ló ti wà látìgbà náà, òun ò mọ̀ pé irú ibí yìí wà, àfìgbà tí òrùlé sọ ọ́.

Ọmọbìnrin náà dúró gbagidi. Kò rí irú rẹ̀ rí: ọwọ́ lọ́tùn-ún, ọwọ́ lósì, gbogbo rẹ̀ ń sọ nǹkan. Kò mọ èdè wọn. Ìyá Onídìrí fà á jókòó sínú àga tó yíká, ó tọ́ka sí i, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì: ìwọ ńkọ́? Sọ̀rọ̀. Gbogbo ojú kọ sí i, ẹnikẹ́ni ò kánjú.

Ọmọ náà wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tọ́ka sí bàbá rẹ̀. Ó gbé orí lé ọwọ́ bí ẹni tó sùn. Ó ya ẹnu gbàgà. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri tí kò sí níbẹ̀, ọwọ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó gbọ̀n dé èjìká, ó gbọ̀n gbogbo ara rẹ̀, títí tí òun fúnra rẹ̀ fi já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wẹ́dà yí nílẹ̀. Ọmọbìnrin náà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé òun ló fa ẹ̀rín náà, ojú rẹ̀ là, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí oorun.

"Kí ló ń sọ?" ni bíríkìlà bi Nọ́ọ̀sì, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì.

"Ẹ̀yin ló ń sọ, bàbá. Ó ní ẹ máa ń hanrun."

"Èmi? Báwo ló ṣe mọ̀?"

"Ó ní ògiri kì í jẹ́ kí òun sùn."

Bàbá náà ya ẹnu. Ó wo ọmọ tó ti bá a gbé fún ogún ọdún, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lé e lọ́wọ́. Ó wá àga kan, ó jókòó sínú àyíká náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.